Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Owó fún Ìwádìí Ìlera Tó Kan Ará Ìlú Gan-an (fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, tíṣà, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ ní Kétu, Ṣábẹ, Pọ́bẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé ibo lèèyàn ti ń rí owó ṣe ìwádìí ìlera, àwọn wo ló ń fúnni, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Màá dáhùn gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ ibi tí mo dúró sí látìbẹ̀rẹ̀: ìbéèrè ará ìlú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, owó ló ń tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá fi owó ṣáájú, ìbéèrè olówó lẹ máa bá a dáhùn, tí ará abà lápá Ìdìgní á sì jókòó ti àìsàn tó ń bá a jà níbi tẹ́ ẹ bá a.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1990, ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Commission on Health Research for Development gbé ìwé jáde pé díẹ̀ báyìí nínú owó ìwádìí ìlera àgbáyé ló ń lọ sórí ìṣòro àwọn ilẹ̀ tí kò lówó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ikú àìtọ́jọ́ pọ̀ sí. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń pè é ní 10/90, ìyẹn ni pé owó tí kò tó 10 nínú 100 ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí 90 nínú 100 ìyà àìsàn wà lọ́rùn wọn. Ní 2008, ní Bamako, àwọn mínísítà jókòó, wọ́n ní ó kéré tán kí 2% bọ́jẹ́ẹ̀tì mínísítà ìlera máa lọ sórí ìwádìí. Ẹ fi 2% yẹn sọ́kàn, ẹ máa nílò ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó níwájú aṣòfin àdúgbò yín, torí ẹnu àwọn ìjọba fúnra wọn ni ìlérí yẹn ti jáde.

Àkọ́kọ́, ẹ lọ jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

Kì í ṣe ìpàdé tí wọ́n ti máa to àga sílẹ̀ fún olórí arrondissement àti àwọn àgbààgbà, tí ẹ̀yin á wá dìde sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa sọ tinú ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà: ọjọ́ ọjà, ìpàdé èsúsú àwọn obìnrin, ìdí ẹ̀rọ gàrí, ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀, ẹ̀yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, oko kajú ní Ṣábẹ lásìkò tí wọ́n bá ń ṣà á. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ẹni tó rán yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ láìfi bò pé ẹ ò tíì ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àti pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí owó yẹn. Ẹ má fo ibí yìí. Abà kan wà tí mo mọ̀, àwọn kan wá síbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọdé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ pẹ̀lú èsì, a ò tún gbúròó wọn mọ́, àwọn ìyá ọmọ sì ń béèrè títí dòní pé kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ àwọn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn irú àwọn wọ̀nyẹn, kò lè sọ pé kí wọ́n gba òun gbọ́ ní kíá.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti mọ ohun tó ń dùn wọ́n ni ti wóró àgbàdo. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn ka àwọn ìṣòro ìlera tó wà níbẹ̀, ẹ má ka tiyín fún wọn. Tí wọ́n bá kà á tó mẹ́fà tàbí méje, ẹ to igbá sílẹ̀, igbá kan fún ìṣòro kan, kẹ́ ẹ fi àmì tójú rí sínú igbá kọ̀ọ̀kan torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀wé: ẹ̀já nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún ibà, iyọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rá fún ẹ̀jẹ̀ ríru, omi kànga nínú ike fún ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ fún ọ̀rọ̀ ìbímọ. Ẹ gbé àwọn igbá náà sẹ́yìn aṣọ tẹ́ ẹ ta bí ògiri, kẹ́ ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wóró márùn-ún, kó wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ ní òun nìkan, kó pín in bó ṣe wù ú. Obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ka tọ̀tún tòsì lójú gbogbo wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí igbá àwọn ọkùnrin ti kún sórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́, tí tàwọn obìnrin sì kún sórí bí wọ́n ṣe máa rí ọkọ̀ gbé aboyún lóru. Ká ní wọ́n ti da gbogbo wọn pọ̀ ni, ohùn àwọn obìnrin ò bá ti rì síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn: ta ni kò sí níbí? Wọ́n á dárúkọ wọn fún yín. Àwọn Fúlàní tó wà ní gáà, àwọn tó ń sọ Fọ̀n tàbí Ọ̀họ̀rí tí wọ́n wá dáko, opó tí kò rẹ́ni gbé e, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tí kò lè rìn wá, ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn tó ń sọdá bọ́dà lọ sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́. Kí ìlera kárí, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn yẹn náà nílé wọn. Ó máa gba àsìkò yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn

Ẹ lọ sí centre de santé, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ àti dókítà tó ń darí zone sanitaire (Kétu wà pẹ̀lú Pọ́bẹ̀ àti Adja-Ouèrè, Ṣábẹ wà pẹ̀lú Ouèssè), ẹ ní ẹ fẹ́ wo iye èèyàn tó wá, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé ohun tí àwọn ará ìlú sọ. Níbi tí méjèèjì ti bára mu, ó dáa. Níbi tí wọn ò ti bára mu, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ìwé ilé ìwòsàn ò lè mọ ẹni tí kò wá. Tí obìnrin mẹ́ta péré bá wá ṣe àyẹ̀wò oyún láti abà kan láàárín ọdún kan, kì í ṣe pé obìnrin mẹ́ta péré ló lóyún níbẹ̀.

Ẹ sọ ohùn wọn di ìbéèrè kan tó ṣeé dáhùn

Ká ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló jáde. Mo mú un torí ó ń jáde léraléra báyìí, rọpárọsẹ̀ ń mú àwọn tí ò tíì pé àádọ́ta ọdún, kò sí ilé tí wọn ò ti mọ ẹnì kan. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ní Kétu" kì í ṣe ìbéèrè, àkòrí lásán ni, kò sẹ́ni tó máa fowó sí i. Ṣùgbọ́n "kí ló ń mú kí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru jáwọ́ nínú oògùn láàárín oṣù mẹ́ta, ṣé tí relais abúlé (ará abúlé tó ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ láti ilé dé ilé) bá ń gbé oògùn náà lọ bá a nílé á máa lò ó", ìbéèrè nìyẹn, ó ní ẹni tẹ́ ẹ máa bi, ó ní ohun tẹ́ ẹ máa wọ̀n, ó ní ohun tí lópítáàlì lè yí padà lẹ́yìn ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé (OMS) sọ ní 2023 pé nínú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, bí ẹnì 1 nínú 5 ni tiẹ̀ wà níkàáwọ́, ẹ wá fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè tiyín lórí ẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é nítòsí náà: ní Tanvè, lápá Agbangnizoun, àwọn yunifásítì Parakou àti Limoges ti ń tọ àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn lórí àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ láti 2015. Ẹ kàn sí irú wọn, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tẹ́nì kan bá ní irú ìbéèrè abúlé bẹ́ẹ̀ ò lè yí nǹkan padà, ẹ mú un lọ sí Pọ́bẹ̀. Egbò Búrúlì, tó ń jẹ ara àwọn ọmọ wa lápá Plateau àti Ouémé, abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n fi ń wò ó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú oògùn rifampicin, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ yẹn ń dun ọmọ, ó sì lè ba etí jẹ́. Ìyá wo ló máa gbé ọmọ láti abà wá gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí oko ò ní bàjẹ́? Wọ́n wá ṣe ìwádìí ní Gánà àti ní Benin níbí, ibùdó Pọ́bẹ̀ tí Fondation Raoul Follereau gbé kalẹ̀ wà lára ẹ̀, wọ́n fi oògùn oníhóró clarithromycin dípò abẹ́rẹ́, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà, èsì ẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2020, oògùn oníhóró yẹn sì ni OMS ní kí wọ́n máa lò báyìí. Ìnira aláìsàn di ìbéèrè, ìbéèrè rí olówó, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Ẹ wá alábàáṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bá wọn ṣàdéhùn kí owó tó dé

Ẹgbẹ́ kékeré ò lè dá a ṣe, olówó ńlá á fẹ́ rí yunifásítì tàbí ilé ìwádìí níbẹ̀. Abomey-Calavi wà, Parakou wà, IRD, àjọ ìwádìí ti Faransé, náà ní èèyàn ní Kútọnu. Ẹ wá olùkọ́ tó ti ṣiṣẹ́ lórí nǹkan yẹn, kẹ́ ẹ gbé ìbéèrè yín lọ bá a pẹ̀lú èsì igbá àgbàdo lọ́wọ́, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, ó sì máa ń wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú ìwé kan ó kéré tán: ta ló ni dátà, orúkọ ta ló máa wà lórí àpilẹ̀kọ, èló ló máa kan ẹgbẹ́ ìlú, ìgbà wo ni wọ́n máa san án, ta ló máa padà wá sọ èsì. Tẹ́ ẹ bá ń tijú láti béèrè èyí lónìí, ẹ̀yin lẹ máa wá èèyàn, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn, orúkọ yín á sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ibi tí owó wà

Olówó kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń wá, ẹ ka ìwé ìpè wọn (ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sanwó fún àti ẹni tó lè tọrọ ẹ̀) dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò.

EDCTP3, ti ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ìdánwò oògùn àti àjẹsára ló ń sanwó fún jù: HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ibà, àwọn àìsàn tí wọ́n ti gbàgbé bí egbò Búrúlì, àti àjàkálẹ̀. Owó ńlá ni, àjọṣe ńlá ló ń béèrè, ẹ̀yin lè wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́. L'Initiative, tí Expertise France ń bójú tó, HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà ni tiẹ̀, Faransé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣí ìpè fún ìwádìí tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá. TDR, tó wà lábẹ́ OMS láti 1975, máa ń sanwó fún ìwádìí lórí bí ìtọ́jú tó ti wà ṣe lè dé ọ̀dọ̀ tálákà. CRDI ti Kánádà ní ọ́fíìsì ní Dakar, Faransé náà ló ń gbà, ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdọ́gba sì jẹ wọ́n lógún. Anesvad ti Sípéènì, àìsàn awọ ara bí egbò Búrúlì àti ẹ̀tẹ̀, Benin sì wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ẹ wo Global Alliance for Chronic Diseases, àwọn tó ń kó owó jọ síbẹ̀ máa ń ṣí ìpè papọ̀. World Diabetes Foundation ti Dẹ́ńmáàkì náà wà, iṣẹ́ àtọ̀gbẹ ló ń sanwó fún ju ìwádìí lọ.

Nílé níbí, ìjọba náà ní owó ìwádìí tiẹ̀, kò pọ̀ bíi tòkèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, olówó òkèèrè á rí i pé ilé ti gbà á gbọ́. Ẹ lọ sí méérì náà, ẹ béèrè bóyá ìṣòro yín wà nínú ètò ìdàgbàsókè kọ́múùnù, tí kò bá sí, ẹ mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un kọ kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ Kétu àti ọmọ Ṣábẹ tó wà ní Kútọnu, Èkó, Libreville àti Paris. Ẹgbẹ́ wọn ń dá owó fún ọdún ìbílẹ̀, wọ́n lè dá owó ìwádìí kékeré náà, èyí tẹ́ ẹ máa fi kó ẹ̀rí àkọ́kọ́ jọ. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá owó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ ńlá tí kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe ta ìlú lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tó máa bi àwọn ará ilé pé kí lẹ nílò.

Ẹ má gbójú lé àpò kan ṣoṣo. Amẹ́ríkà ti USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ wọn fún ilẹ̀ òkèèrè, pa ní 2025, ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba wọn, kéde pé owó tó ń gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bọ́ sọ́wọ́ alábàáṣiṣẹ́ òkèèrè ò ní lọ bíi ti tẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe ìlànà tuntun. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni owó ẹ̀ ti ń wá dúró lójijì.

Àwọn ará ìlú sọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìpè tó wà nílẹ̀ ní ibà, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀pọ̀ máa ń sáré kọ ibà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ dúró ti ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú. Ẹ lè béèrè kí iṣẹ́ ibà fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un níbi tí èèyàn bá ti wá tẹ́lẹ̀, ìyẹn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ padà sí abà lọ sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ ẹ̀jẹ̀ ríru àmọ́ ibà la wá bi yín, ojú á tì yín.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì: ẹ fara balẹ̀ síbí gan-an

Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwádìí kan bìkítà fún ará ìlú, bọ́jẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń wò, ọ̀rọ̀ dídùn orí ìwé ò ṣòro kọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn èèyàn abúlé. Relais tó máa gbé ìwé ìbéèrè láti ilé dé ilé, ẹ sanwó iṣẹ́ fún un, ẹ má sọ pé ẹ máa fún un ní T-shirt. Ẹ fi owó zẹ́mìjàn sí i, kẹ́ ẹ ṣírò tàsìkò òjò lọ́tọ̀ torí nígbà òjò ọ̀nà abà kan máa ń di èyí tí wọ́n ń yí gba ibòmíì, owó ẹ̀ á pọ̀ sí i. Ẹ fi owó ìtúmọ̀ sí i: Yorùbá, Fọ̀n, èdè Fúlàní, kí ẹlòmíì tún tú u padà sí Faransé kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ìtumọ̀ ò yà. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ sí i, pẹ̀lú bátìrì àti aṣọ apá ńlá fún àwọn tó sanra, torí aṣọ apá tó há máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Wàyí o, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan lábà, ẹ rí 190 lórí 110. Kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì kọjá sílé kejì? Owó ọkọ̀ ẹ̀ dé lópítáàlì, owó àyẹ̀wò, oògùn oṣù àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì ti bá dókítà lópítáàlì de Zone sọ ọ́ pé àwọn kan ń bọ̀. Olówó tí kò bá gbà láti san èyí, ẹ bi í ní ìdí ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Owó kíkó èsì padà wá sílé náà, ẹ kọ ọ́ lórúkọ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà kan, tí kò bá ní ìlà, kò ní ṣẹlẹ̀.

Owó ilé iṣẹ́ ńkọ́, iná, íntánẹ́ẹ̀tì, akọ̀wé owó? Ìlànà olówó yàtọ̀ síra. Horizon Europe, ètò owó ìwádìí ti Yúróòpù, ń fi 25% kún owó iṣẹ́ gan-an, NIH ń fi 8% kún un fún ilé iṣẹ́ tó wà lókèèrè. Ká ní owó iṣẹ́ jẹ́ 10,000,000 sẹ́fà, tọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 2,500,000 kún un, èkejì á fi 800,000 kún un, ẹ rí i pé ìyàtọ̀ yẹn tó owó oṣù akọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ẹ bi alábàáṣiṣẹ́ yín lókèèrè bóyá òun nìkan ló ń jẹ ìpín yẹn àbí ó máa kàn yín.

Lórí pàṣípààrọ̀, yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí padà, nítorí náà 10,000 yúrò jẹ́ 6,559,570 sẹ́fà lónìí àti lọ́la. Dọ́là ò rí bẹ́ẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, tí owó bá jẹ́ ti dọ́là ẹ má ná an tán lórí ìwé, ẹ fi àyè sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń sanwó ṣáájú àbí ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ná tiyín. Èyí ẹ̀yìn yẹn ti da ẹgbẹ́ kékeré púpọ̀ rú, torí ta ló ní mílíọ̀nù mẹ́ta tó máa fi dúró de Brussels fún oṣù mẹ́fà?

Ìwé àṣẹ

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, nọ́ńbà IFU (ti owó orí), àkáǹtì báńkì tó ń gba ọwọ́ èèyàn méjì kí owó tó jáde, ẹ ṣe é kí ìpè tó jáde. Tó bá jẹ́ ti Yúróòpù ẹ máa nílò nọ́ńbà PIC (ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín lọ́dọ̀ wọn), tó bá jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà ẹ máa gba UEI, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ náà, lórí SAM.gov, ìyẹn máa ń pẹ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní Benin, òfin 2010-40 ti oṣù Kejìlá 2010 ló ń darí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera, ìgbìmọ̀ CNERS ló ń yẹ pùrótókóòlù (ìwé tó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe ìwádìí náà) wò, Yunifásítì Parakou náà ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀. Fún dátà ìlera àwọn èèyàn, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, lẹ máa lọ bá. Ẹ kọ ìwé ìfọwọ́sí ní èdè tí wọ́n ń sọ, kẹ́ ẹ kà á sétí wọn, ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka pẹ̀lú ẹlẹ́rìí tó yàn fúnra ẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀ kí wọ́n má sì lé òun nílé ìwòsàn. Ẹ má ṣe gbàgbé ààfin. Lọ́dọ̀ Alákétu tàbí Oníṣábẹ, olórí abúlé, ìyálọ́jà, ẹ lọ kí wọn kẹ́ ẹ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí baálẹ̀ bá gbà, kò túmọ̀ sí pé ìyá ọmọ ti gbà.

Kíkọ ọ́ àti fífi ránṣẹ́

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà dáadáa, ẹ kọ́kọ́ sọ ìṣòro náà ní gbólóhùn méjì, ẹ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín àti bẹ́ ẹ ṣe mọ̀, ẹ fi èsì igbá hàn, tobìnrin lọ́tọ̀ tọkùnrin lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ wá sọ ohun tí zone sanitaire máa ṣe tí èsì bá jáde, pẹ̀lú lẹ́tà tí dókítà ibẹ̀ fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́, ẹ kọ ọ́ ní Faransé kẹ́ ẹ fún ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, a ní ọmọ ìyá wa tó pọ̀ lódìkejì bọ́dà tó lè bá wa ṣe é. Ìpè Yúróòpù sábà máa ń tì ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Brussels: lásìkò ọyẹ́ agogo Brussels àti tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, Brussels fi wákàtí kan ṣáájú wa, agogo mẹ́rin tiwa ló ti. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, torí iná lè lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe wàhálà.

Tí owó bá dé

Ẹ pe ìpàdé, ẹ ka iye ẹ̀ sétí gbogbo ìlú, iye tó wá, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pé àwọn èèyàn á máa tọrọ. Wọ́n á tọrọ, ẹ máa ṣàlàyé, ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa rò pé ẹ ń kó o jẹ. Ẹ yan èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárín ará ìlú, obìnrin kó pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n máa wo ìwé ìnáwó lóṣooṣù, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo, títí kan ti zẹ́mìjàn, ẹ ṣe ìwé kékeré tí onízẹ́mì á máa fọwọ́ sí.

Tí èsì bá jáde, ará ìlú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dé ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ lo rédíò àdúgbò, ẹ lo ìpàdé èsúsú. Ní Kétu a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, Ẹ̀fẹ̀ sì ti ń fi orin bá ìlú sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ ọdún láti ìgbà àwọn baba wa. Ẹ lọ bá àwọn tó ni ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn, tí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n fi ohùn tiwọn kọ ọ́. Ẹ má kọ orin fún wọn. Kí èsì tó kù jẹ́ ojú ìwé méjì fún méérì àti dókítà zone, pẹ̀lú ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná wọn.

Tí wọ́n bá kọ̀

Wọ́n máa ń kọ̀ ju kí wọ́n gbà lọ. Ẹ tọrọ ohun tí àwọn tó kà á sọ, púpọ̀ nínú àwọn olówó máa ń fi ránṣẹ́ tẹ́ ẹ bá béèrè. Ẹ kà á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tínú bá ti rọ̀, ẹ ya èyí tó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún olówó míì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ padà lọ sí abà, ẹ sọ fún wọn pé owó yẹn ò bọ́ sí i, ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ tún fẹ́ gbé e lọ àti oṣù tí ìpè yẹn máa tì, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ohun tí wọ́n fi sínú igbá lọ́jọ́sí ṣì ni ohun tó ń dùn wọ́n jù lónìí.